Àpáta kò fọ́, ó lanu ni

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà èdè. Mo rí àbá tí ẹ̀gbọ́n wa mú wá ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, pé kí iṣẹ́ tí àwọn òyìnbó ń pè ní fracking, ìyẹn fífi agbára rọ́ omi sínú àpáta abẹ́ ilẹ̀ kí epo inú rẹ̀ lè jáde, máa jẹ́ "ìfomi-fọ́-àpáta", kí iyanrìn tí wọ́n ń dà mọ́ omi rẹ̀ sì máa jẹ́ "iyanrìn àtìlẹ́yìn". Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Àmọ́ iyanrìn yìí gan-an ni mò ń fi tírélà kó láti Kermit, ní ìwọ̀-oòrùn Texas, lọ sídìí kànga epo, ọ̀rọ̀ méjèèjì kò sì bá ohun tí ojú mi ń rí mu.

Ẹni tó bá gbọ́ pé wọ́n fọ́ àpáta, ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta fún ọ̀nà ló máa wá sí i lọ́kàn: àpáta ti di wẹ́wẹ́, wọ́n ti kó o lọ. Ti kànga kò rí bẹ́ẹ̀. Àpáta wà níbi tó wà, nísàlẹ̀ ilẹ̀ lọ́hùn-ún. Omi tí wọ́n fi agbára rọ́ sí i ló mú kó là tín-ín-rín. Tí ògiri bá ṣe bẹ́ẹ̀, a kì í ní ó fọ́. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. (Aláǹgbá kékeré kan tilẹ̀ ń gbé inú òkìtì iyanrìn agbègbè Kermit, ìjọba Amẹ́ríkà sì kà á mọ́ àwọn ẹ̀dá tó wà nínú ewu ìparun ní 2024. Ilé rẹ̀ wà lára ohun tí à ń kó lọ, ó sì ń dùn mí.) "Ìfomilàpáta" ni mo fara mọ́.

Bí omi bá ti fà sẹ́yìn, àpáta fẹ́ panu dé. Iyanrìn ni kò gbà fún un. Ṣé àtìlẹ́yìn wá nìyẹn? Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó so tó fẹ́ wó, igi oní-pàlàkà ni ìyá mi fi ń tì í, ìta ni igi náà sì wà. Iyanrìn yìí há sẹ́nu àpáta ni, bí òkúta tí a fi há ilẹ̀kùn kí afẹ́fẹ́ má bàa tì í. Ẹ jẹ́ ká pè é ní "iyanrìn àháṣí".

Kì í sì í ṣe iyanrìn bíríkìlà. Bíríkìlà ń fẹ́ èyí tó mú, kó lè di sìmẹ́ǹtì mú. Tèmi, tí mo bá bù ú sí àtẹ́lẹwọ́, róbótó ni, ó ń yọ̀ láàrin ìka bí ọkà bàbà, nítorí àárín rẹ̀ ni epo máa gbà kọjá. Ìpínlẹ̀ Wisconsin ni wọ́n ti ń fi rélùwéè kó èyí tó funfun wá tẹ́lẹ̀, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í wa èyí tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ ní Kermit ní 2017. Ẹni tó ń wá ọ̀rọ̀ fún mesh, tí wọ́n fi ń wọn bí hóró iyanrìn ṣe tóbi sí, kó má wá a jìnnà: ojú asẹ́ ni. Iyanrìn ojú 20 sí 40 nínú íǹṣì kan ni wọ́n ń lò púpọ̀ nígbà kan. Ojú 40 sí 70, àti ojú 100 tó kúnná jù ú lọ, ló gbòde báyìí.

Wọ́n tún ní ká pe bí kànga ṣe ń gba omi ní "lílo omi", pé ó tó. Kò tó. Omi tí a fi fọṣọ, a lò ó, a dà á nù, òjò tún lè rọ̀ ọ́ padà. Èyí tó wọ kànga wọ̀nyí, nínú ọ̀pọ̀ wọn, apá tó pọ̀ jù kì í jáde mọ́. Mímu ni wọ́n ń mu ún. Bí a bá to àwọn kànga tó dábùú lábẹ́ ilẹ̀ láti orí èyí tó mu omi kéré jù, eléyìí tó bọ́ sí àárín ní 2000 kò mu tó lítà 670,000, gẹ́gẹ́ bí USGS, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń ṣèwádìí ilẹ̀, ṣe kà á. Nígbà tó fi di 2014, ti kànga epo ti lé ní mílíọ̀nù 15 lítà. Ẹ fi táńkà olómi lítà 10,000 wọ̀n ọ́n: táńkà 67 di táńkà tó lé ní 1,500, fún kànga kan ṣoṣo.

Omi tó ń jáde náà, oríṣi méjì ni, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe dà wọ́n pọ̀. "Omi àpadàbọ̀" ni èyí tí a rọ́ wọlé. Èkejì, tó níyọ̀ gan-an, ti wà nísàlẹ̀ pẹ̀lú epo kí ẹnikẹ́ni tó gbẹ́lẹ̀. "Omi àbáǹbá" ni mo fẹ́ ká máa pè é, nítorí pé a bá a níbẹ̀ ni. Òun ló pọ̀ jù nínú omi tí wọ́n ń rọ́ padà sínú ilẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Oklahoma, tí ilẹ̀ fi ń mì, títí kan ti ìlú Pawnee ní oṣù kẹsàn-án 2016, tó tó 5.8 lórí òṣùwọ̀n ìmìtìtì ilẹ̀. Ògbufọ̀ tó bá kọ "omi àpadàbọ̀" síbẹ̀ ti purọ́ fún àwọn tó ń kà á.

Ọ̀kan ṣẹ́kù tí n kò rí orúkọ fún. Nígbà tí à ń tú iyanrìn, lẹ́búlẹ́bú kan máa ń gbéra tí ojú fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí, tó sì ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ìjọba Amẹ́ríkà kìlọ̀ nípa rẹ̀ ní 2012. "Eruku" ni mò ń pè é fún àwọn ọmọ wa tí a jọ ń ṣiṣẹ́, wọ́n á sì kàn nu ojú, wọ́n á bọ́ ìbòmú kúrò, bí ẹni pé kò léwu. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà nídìí ẹ̀rọ tí wọ́n ti ń lọ èlùbọ́, kí lẹ ń pe èyí tó ń rá pálá nínú afẹ́fẹ́, tó ń bà lé ìpéǹpéjú? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ ọ́ sí mi.