Ajá ọdẹ wa ti darúgbó: ṣé kí a so ó mọ́lẹ̀ ni?

Ìbéèrè, láti Kàbà:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ajá tí bàbá wa fi ń ṣọdẹ ti lé ní ọdún 10. Láti ìgbà tí ọyẹ́ ti dé, dídìde láàárọ̀ ti di ìṣòro fún un, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ń gbọ̀n, ojú rẹ̀ sì ti ń funfun. Síbẹ̀, bí bàbá bá ti gbé ìbọn, yóò fẹ́ tẹ̀lé wọn lọ sórí òkè. Wọ́n ní kí a so ó mọ́lẹ̀ kí ó lè sinmi, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò gbà á.

Ìdáhùn, láti Ìsánlú:
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má so ó. Ajá tí oríkèé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ń dùn máa ń gbé ara lé ẹsẹ̀ iwájú. Bí ẹ bá fọwọ́ kan itan rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ẹ rí i pé ó ti jò, nígbà tí èjìká rẹ̀ ṣì ki. Ọgbọ́n tí òun fúnra rẹ̀ dá nìyẹn. Bí ẹ bá wá so ó látàárọ̀ dalẹ́, ìwọ̀nba ẹran tí ó kù ní itan náà yóò tún jò, oríkèé yóò sì túbọ̀ gan. Ẹ jẹ́ kí ó máa rìn níwọ̀nba, lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, lórí ilẹ̀ tí ó tẹ́jú, kì í ṣe lórí àpáta. Ẹ tẹ́ àpò tí ó nípọn sórí sìmẹ́ńtì tí ó ń sùn sí. Ẹ má sì jẹ́ kí ó sanra: òkèlè iyán tí àwọn ọmọdé ń jù sí i ni kí ẹ kọ́kọ́ dín kù.

Ìdáhùn, láti Mọ̀pà:
Funfun ojú ajá arúgbó kì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ ìfọ́jú; dókítà ẹranko ni yóò yẹ̀ ẹ́ wò. Bí kò bá tilẹ̀ ríran mọ́, imú rẹ̀ àti ohun tí ó ti mọ̀ nípa àgbàlá yín ni yóò máa fi rìn, nítorí náà ẹ má ṣe máa ṣí odó, igi ìdáná tàbí abọ́ omi rẹ̀ nípò. Ẹ kìlọ̀ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n pè é kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án, torí ajá tí ó bá ta gìrì lè gé ènìyàn jẹ.

Ìdáhùn, láti Ìyàrá:
Mo bẹ̀ yín, ẹ má fún un ní oògùn ara ríro tí ènìyàn ń lò. Ibuprofen lè dá egbò sí ajá níkùn, ó sì lè ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́. Ẹni tí ó bá ní ológbò arúgbó gbọ́dọ̀ ṣọ́ra jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ẹ̀dọ̀ ológbò kò lè yọ paracetamol kúrò lára bí tiwa, ìwọ̀nba díẹ̀ sì lè pa á. Oníṣègùn ẹranko ní oògùn tí ó bá oríkèé ajá mu.