Kí ló dé bá kànga àwọn ará Sri Lanka?

Agbẹ́kànga Ọ̀fà: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Kànga ni mò ń gbẹ́. Mo ń kà nípa omi òkun tó ya wọ Sri Lanka, orílẹ̀-èdè kan ní Éṣíà, ní ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá, 2004. Èèyàn tó lé ní 30,000 ló bá a lọ! Àánú wọn ṣe mí gan-an. Àwọn tó kù ńkọ́, omi wo ni wọ́n mu? Tí omi iyọ̀ bá wọ kànga, ṣé kí a fà á gbẹ ni?

Tísà Òmù-Àrán: Táńkà ló ń gbé omi fún wọn nígbà náà. Ohun tó dùn mí ni pé ẹ̀bá Sumatra, erékùṣù kan ní Indonesia, ni ilẹ̀ ti mì, omi náà sì rìn tó bíi wákàtí méjì kó tó dé. Kò sẹ́ni tó kìlọ̀ fún wọn.

Àdùkẹ́ Ìlọrin: Ẹ kú iṣẹ́, bàbá. Ọ̀pọ̀ wọn fi ẹ̀rọ fà á. Kíkó ẹrẹ̀ àti ìdọ̀tí jáde dára, àmọ́ fífà á léraléra ló léwu. Omi tó dùn fúyẹ́ ju omi iyọ̀ lọ, orí rẹ̀ ló ń léfòó sí lábẹ́ ilẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ń fà á ṣáá, ti ìsàlẹ̀ á gòkè wá. Òjò ló ń fọ iyọ̀ náà lọ díẹ̀díẹ̀.

Agbẹ́kànga Ọ̀fà: Ẹ ṣé, ọmọ mi. Ṣé wọ́n wá gbé ẹnu kànga wọn ga sí i?