Ẹ̀yin tí ẹ ti fẹsẹ̀ rin òkè àti igbó Òkè Ọya, ẹ wá sọ ohun tí ojú yín rí

Ará Gwarinpa:

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀. Ọdún kọkànlá tí mo ti ń gbé Àbújá rèé, bí ìsinmi bá sì ti dé, ọ̀nà Lọ́kọ́ja la máa ń kọrí sí, ká lọ jẹ ọdún nílé, ká padà sẹ́nu iṣẹ́. Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, àwa mẹ́rin tí a jọ ń ṣiṣẹ́ pinnu pé a ò relé lọ́tẹ̀ yìí. Òkè tó ga jù lọ ní Nàìjíríà la fẹ́ gùn. Gangirwal ni orúkọ rẹ̀, àwọn mìíràn ń pè é ní Chappal Waddi. Mítà 2,419 ni gíga rẹ̀. Inú ọgbà ẹranko ìjọba àpapọ̀ tó ń jẹ́ Gashaka-Gumti ló wà, lẹ́bàá ààlà Kamẹrúùnù, ní ìhà Tàràbà.

Ìyá mi gbọ́, wọ́n ní ṣé orí mi pé. Mi ò bá wọn jiyàn, torí ọ̀rọ̀ ààbò kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fọwọ́ yẹpẹrẹ mú níhìn-ín. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń gbé ibẹ̀ kí a tó gbéra. A sùn ní Jalingo, lọ́jọ́ kejì a gba Bali dé Serti, níbi tí ọ́fíìsì ọgbà náà wà. Wọ́n fún wa ní ẹ̀ṣọ́ kan, àti bàbá Fúlàní kan tí yóò máa ṣíwájú wa. Ọ̀kadà gbé wa débi tí ọ̀nà pin sí. Ó wá ku ẹsẹ̀.

Ẹ̀yin ará mi, ẹni tó bá wọ igbó yẹn láìní ẹni tó mọ̀ ọ́n níwájú, igi lásán ni yóò rí. Bá a ṣe wọ ibi tí igi ti ṣú lẹ́bàá odò, bàbá dúró, ó nawọ́ sókè. Mi ò rí nǹkan kan. Ó di orí mi mú, ó yí i díẹ̀ sí òsì. Ìgbà náà ni mo rí i: ẹ̀ka tí wọ́n tẹ̀ wálẹ̀, tí wọ́n hun mọ́ra, ewé lórí rẹ̀ bí ẹní. Ibùsùn ìnàkí ni. Ó ní alaalẹ́ ni ìnàkí ń tẹ́ tuntun. Bí ewé rẹ̀ bá ti gbẹ, ó ti pẹ́. Èyí ṣì tutù yọ̀yọ̀, a jẹ́ pé àná ló sùn níbẹ̀. Gbogbo wa dákẹ́. Mo ti rí ìnàkí rí nínú ọgbà ẹranko yunifásítì Ìbàdàn, ṣùgbọ́n kò wọ̀ mí lára tó ibùsùn tó ṣófo yẹn.

Níbẹ̀ ni bàtà ti bẹ̀rẹ̀ sí í bó mi ní gìgísẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ni mo rà á, mi ò tíì wọ̀ ọ́ rìn rárá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá fẹ́ lọ, kó ti wọ bàtà rẹ̀ káàkiri àdúgbò fún oṣù kan. Bàbá rí i pé mo ń tiro. Ó mú mi jókòó lórí òkúta, ó bọ́ bàtà náà fúnra rẹ̀, ó fi omi odò ṣan ẹsẹ̀ mi, ó ya aṣọ pẹ́ńpẹ́ lára láwàní rẹ̀, ó fi wé e. Ẹni tó tó bàbá mi lọ́jọ́ orí, lórí ìkúnlẹ̀ níwájú mi! Mo ní kó fi sílẹ̀, ó kọ̀. "Sannu ba ta hana zuwa," ó ní: ìrìn pẹ̀lẹ́ kì í ní kéèyàn má débi tó ń lọ. Mo ní lọ́kàn mi pé àwa náà ń sọ ọ́ nílé, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lejò ń gun àgbọn.

Nígbà tí a jáde nínú igbó, koríko ló kù, òkè lórí òkè, màlúù lọ́ọ̀ọ́kán. Ìyàwó darandaran kan bu kíndìrímò, wàrà kíkan tó ki, fún wa nínú igbá, kò gbowó. Aṣọ mẹ́ta ni mo wọ̀ sùn, òtútù ṣì ń mú mi. Ọjọ́ kejì la dé ṣóńṣó. Ọyẹ́ ti bo ìsàlẹ̀, a ò rí jìnnà. Bàbá nawọ́ síhà kan, ó ní Kamẹrúùnù nìyẹn. Ọ̀kan nínú wa bú sẹ́kún.

Ará Kúbwà:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìrìn, ẹ kú ewu. Ọmọ mẹ́ta ló wà lọ́wọ́ tèmi, omi tó ń já láti orí àpáta ní Gurara la lọ wò, lọ́nà Suleja sí Minna, bí Olúmirìn ti Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà. A kọ́kọ́ yà wo àpáta Zuma. Mo yọ ọgọ́rùn-ún náírà, mo yí i padà fún wọn: Awólọ́wọ̀ níwájú, Zuma lẹ́yìn. Èyí àgbà gbé owó náà sókè, ó di ojú kan, ó ń wò ó bóyá ó bá àpáta mu.

Ọ̀dọ́mọkùnrin Gbagyi kan ló mú wa rìn. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kásẹ̀ nílẹ̀, omi pọ̀. Àwọn ọmọ fẹ́ sáré sétí rẹ̀. Ó ní ká dúró, ó fi igi ha orí àpáta tó dà bí ilẹ̀ gbígbẹ lójú wa. Ó ń yọ̀ bí ilá. Nígbà tí à ń padà, àwọn ìyá ń bọ̀ láti oko, èjìká ni wọ́n gbé igi ìdáná lé. Ọmọ mi béèrè ìdí tí kì í fi í ṣe orí. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní orí ni ọba ara, a kì í di ẹrù rù ú. Èmi ọmọ Yorùbá, mo ń ro ọ̀rọ̀ orí yẹn títí a fi délé.

Ẹni tó ṣe àgùnbánirọ̀ ní Bauchi:

Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín o. Ní Yankari, ọgbà ẹranko tó wà ní Bauchi, mọ́tò ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń wọ̀ wo erin. Òótọ́ ni ohun tí wọ́n ń sọ nípa omi Wikki, ìsun tó wà nínú ọgbà náà: ìwọ̀n Celsius 31 ni ooru rẹ̀, ọyẹ́ ì báà mú, òjò ì báà rọ̀. Ìdájí la wọ̀ ọ́. Bí a ṣe jáde, ọ̀bọ olójú ajá kan ti gbé búrẹ́dì wa lọ.

Ṣùgbọ́n ìrìn tí a fẹsẹ̀ rìn lẹ́bàá odò Gaji ni mi ò lè gbàgbé. Ẹ̀ṣọ́ tó ṣíwájú wa rí imí erin lójú ọ̀nà. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án. "Da zafi," ó ní, ó ṣì ń gbóná. Ó gbé ìka sétè, ó yí wa padà, kò sáré. A ò rí erin kankan lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn wa, nínú igbó, à ń gbọ́ tí ẹ̀ka igi ń ya.