NAS ilé mi ń já kúrò lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣáá, ẹ gbà mí o

Bàbá Ìbejì Kubwa
Ẹ káàárọ̀ o ẹ̀yin èèyàn mi. NAS mi yìí, àpótí díìsìkì tí mo ń kó fáìlì pamọ́ sí lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé, ti sú mi. Pálọ̀ ni router wà, mo wá gbé NAS sí yàrá torí ariwo fáànù ẹ̀, wáyà gígùn kan ló so wọ́n pọ̀. Fọ́tò ìsìnkú ìyá mi àti ti ìkómọ àwọn ìbejì wà nínú ẹ̀, mi ò lè fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Tí mo bá ń kó fídíò sí i láti orí láptọ́ọ̀pù á bẹ̀rẹ̀ dáadáa, kó tó pé ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ó ti já nìyẹn, láptọ́ọ̀pù á ní òun ò rí i mọ́, tó bá yá á tún padà wá fúnra ẹ̀. Mo ti pa á, mo ti tàn án, pàbó. Inverter ló ń gbé gbogbo wọn o, kì í ṣe ọ̀rọ̀ iná. Àbí díìsìkì ló fẹ́ kú ni?

Ìyá Tómi, Lugbe
Ẹ pẹ̀lẹ́ sà. Tèmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ rí, àdírẹ́ẹ̀sì, ìyẹn nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá ẹ̀rọ mọ̀ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ló fà á. Router ló ń pín àdírẹ́ẹ̀sì, tó bá kú tó tún tàn ó lè fún NAS ní òmíràn, láptọ́ọ̀pù á ṣì máa wá a lọ síbi àtijọ́. Ẹ wọ inú router, ẹ fi àdírẹ́ẹ̀sì kan pamọ́ fún un, bíi 192.168.1.50, kó má yí padà mọ́.

Oníwáyà Wuse
Ìyá Tómi, òótọ́ lẹ sọ, ó dáa kí wọ́n ṣe é, àmọ́ tó bá jẹ́ àdírẹ́ẹ̀sì, kò ní máa já láàárín iṣẹ́ kó tún so fúnra ẹ̀. Wáyà ni mo fura sí. Bàbá Ìbejì, ẹ ṣí cmd méjì, ìyẹn ojú ìwé dúdú tí wọ́n ń tẹ àṣẹ sí lórí Windows, ẹ fi ping -t, àṣẹ tó ń pe ẹ̀rọ lemọ́lemọ́ láti mọ̀ bóyá ó ń dáhùn, pe router nínú ọ̀kan, ẹ pe NAS nínú èkejì, kí ẹ wá máa kó fídíò lọ. Tí àwọn méjèèjì bá dákẹ́ pọ̀, Wi-Fi láptọ́ọ̀pù tàbí router ni. Tó bá jẹ́ NAS nìkan, ẹ sáré lọ wo iná kékeré tó wà níbi tí wáyà ti wọ ẹ̀yìn ẹ̀. Tí iná yẹn bá kú tí NAS fúnra ẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́, díìsìkì kọ́ o, wáyà tàbí ihò ẹ̀ ni.

Okùn tín-ín-rín mẹ́jọ ló wà nínú wáyà yẹn, wọ́n lọ́ wọn ní méjì méjì. Ìyára 100 Mbps ń lo mẹ́rin, àmọ́ 1000 Mbps ń fẹ́ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, tí ẹyọ kan bá ti fẹ́ já, ìyára yẹn á máa gòkè á máa sọ̀ kalẹ̀, gbogbo ìgbà tó bá sì fẹ́ yí, á kọ́kọ́ já ná. Èyí tí wọ́n ń tà ní pọ́ọ́kú, alumíníọ́mù ni wọ́n fi kọ́pà bò lára, ẹ fi abẹ ha á, funfun lẹ máa rí. Kíá ló máa ń ṣẹ́ níbi tí wọ́n bá ti ń tẹ̀ ẹ́. Ibo ni tiyín gbà kọjá?

Bàbá Ìbejì Kubwa
Abẹ́ ilẹ̀kùn yàrá! Mo ti ṣe é o, router ń dáhùn, NAS dákẹ́, mo sáré dé ẹ̀yìn ẹ̀, iná ti kú. Mo wá fọwọ́ tọ wáyà yẹn láti pálọ̀, ibi tí ilẹ̀kùn ti ń lọ̀ ọ́ ti tẹ́ pẹrẹsẹ, awọ ẹ̀ ti là, okùn aláwọ̀ búráùn ti já sọ́tọ̀. Mo ha á, funfun báláú. Mo ti ra wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì Cat6 oníkọ́pà gidi, mo gbé e gba òkè ògiri, NAS ń kọ 1000 báyìí, 100 ló máa ń kọ tẹ́lẹ̀ tí mi ò sì fiyè sí i. Láti àárọ̀ ni mo ti ń kó fídíò, kò já rárá. Ẹ ṣé gan-an, Ọlọ́run á máa ràn yín lọ́wọ́.

Oníwáyà Wuse
Àmín o. Ẹ má tíì pa nǹkan kan rẹ́ lórí láptọ́ọ̀pù o, àwọn tó wà lọ́nà nígbà tó ń já lè má pé. Ẹ fi ìwọ̀n wọn wéra.

Bàbá Ìbejì Kubwa
Mo ti rí mẹ́ta tí ò pé, ọ̀kan nínú wọn ni fídíò ibi tí ìyá mi ti ń súre fáwọn ọmọ. Mo ti ń kó o padà báyìí.