Ọkọ aládùúgbò mi tó jẹ́ Hindu kú, ẹ gbà mí nímọ̀ràn ohun tí mo lè sọ

Ẹ kú ilé o. Leicester ní England ni mò ń gbé, ọkọ màmá Gujarati (ẹ̀yà kan ní Íńdíà) tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé mi ló kú lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n ti sun òkú ẹ̀. Láàárọ̀ àná mo yọjú lójú wíńdò, mo rí ọmọ ẹ̀ tó gbé ìrẹsì tí wọ́n rọ bí òkèlè sórí ògiri, yànmọ̀tí dúdú wà lára ẹ̀, ó wá dúró nínú òtútù ó ń wòkè bóyá ẹyẹ á bà. Omi bọ́ lójú mi. Màmá yẹn ló ń bá mi wo ọmọ tí mo bá lọ ṣiṣẹ́ alẹ́. Ẹnì kan níbi iṣẹ́ ní kí n sọ fún wọn pé kámà ni, ṣó dáa bẹ́ẹ̀? Ṣé àtúnwá tiwa yìí náà ni wọ́n gbà gbọ́?

Bọ̀dá Pune: Àǹtí, ẹ má dán an wò o! Iṣẹ́ ọwọ́ ẹni ni kámà, tẹ́ ẹ bá sọ ọ́ nílé ọ̀fọ̀ ó dà bíi pé ẹ ní bàbá yẹn jẹ̀bi nǹkan. Àtúnwá wọn ò rí bíi tiwa, Babátúndé inú ẹbí ẹ̀ ló ń padà sí, tiwọn ibi tí iṣẹ́ ẹni bá gbéni lọ ni, ó tiẹ̀ lè jẹ́ ẹranko. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù nígbà tí mo ń kàwé ní Pune ní Íńdíà ni pé ọ̀run rere wọn, Svarga, kì í ṣe ibi àgbétitíláé, punya tó jẹ́ èrè iṣẹ́ rere lèèyàn ń ná níbẹ̀ bí owó àjọ, ìwé mímọ́ wọn Bhagavad Gita orí 9 ẹsẹ 21 ní tó bá ti tán onítọ̀hún á padà sáyé. Ibi ìyà náà lópin. Moksha ni wọ́n ń wá, kéèyàn bọ́ lọ́wọ́ wíwá àti lílọ yìí pátápátá.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì: Pinda ni ìrẹsì yẹn. Wọ́n gbà pé láàárín ọjọ́ mẹ́wàá ìyẹn ló ń di ara tuntun fún olóògbé, tó bá di ọjọ́ 12 wọ́n á wá dà á pọ̀ mọ́ àwọn bàbá ńlá. Kannakánná ni wọ́n ń retí, tó bá jẹ ẹ́ ọkàn wọn á balẹ̀. Ẹ wọ aṣọ funfun, ẹ bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, ẹ má gbé ẹran tàbí ẹyin lọ rárá, ẹ kọ́kọ́ pè kẹ́ ẹ tó gbé oúnjẹ torí ilé mìíràn kì í jẹ ti ìta títí di ọjọ́ 13. Ẹ sọ "Om Shanti", àdúrà àlàáfíà ni, ó tó.

Ẹni tó béèrè: Ẹ ṣé gan-an ni. Mo ti pe ọmọ wọn, ó ní kí n wá ní Sátidé, èso nìkan ni mo máa gbé. Mo bi í léèrè ìrẹsì yẹn, ó ní kannakánná méjì ló wá láàárọ̀ yìí.