Òróró tea tree fún irorẹ́ àti lápálápá: báwo ni ká ṣe là á?

Ọmọ Ìbarà
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ìgò òróró tea tree (òróró olóòórùn líle tí wọ́n ń yọ lára ewé igi kan ní Ọsirélíà) 10 ml kan ló wà nílẹ̀, ọjà Kútọ̀ l'Abẹ́òkúta ni wọ́n ti rà á. Irorẹ́ ojú la fẹ́ fi tọ́jú, àti lápálápá tó yọ lọ́rùn, àti àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ tó ń bó tó sì ń yún. Ẹ̀kán mélòó ló yẹ ká lò? Ṣé a lè fi àdí àgbọn là á? Àwọn kan tiẹ̀ ní ká kán an sínú àgbo ibà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là wá lọ́yẹ̀.

Apòògùn Ìtòkú
Ti àgbo yẹn ni kí n kọ́kọ́ dáhùn: ẹ má ṣe é rárá. Òróró yìí kì í ṣe mímu. Díẹ̀ tó bá wọ ikùn ọmọdé lè mú kó máa ta gẹ́ẹ́gẹ́ẹ́, kó sì sùn lọ láìmọ ara. Bí ọmọ bá ti gbé e mì, ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má sì mú un bì, torí èyí tó bá gba ọ̀nà èémí wọ ẹ̀dọ̀fóró burú ju ti ikùn lọ. Òun àti ìgò náà ni kí ẹ jọ gbé lọ sílé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ní Ìdí-Àbà, kíákíá.

Ó ku ìwọ̀n. 1 ml jẹ́ nǹkan bí ẹ̀kán 20, ṣùgbọ́n ẹnu ìgò ò dọ́gba, nítorí náà ẹ fi sírínjì 2 ml tí wọ́n ti yọ abẹ́rẹ́ rẹ̀ wọ̀n ọ́n. Fún irorẹ́, ẹ po 1 ml mọ́ 19 ml òróró jojoba (òróró hóró kan tí wọ́n ń fi pa ara). Ìdá 5 nínú 100 nìyẹn. Àdí àgbọn máa ń dí ihò awọ ojú, ẹ má lò ó fún irorẹ́. Ẹ má sì fi omi là á: ṣe ni yóò léfòó, ojúlówó ẹ̀kán á wá bà sójú kan, á jó o. Ẹ kọ́kọ́ fi èyí tí ẹ pò pa inú apá fún ọjọ́ méjì. Bí ibẹ̀ ò bá pọ́n, ẹ máa fi òwú kàn án mọ́ irorẹ́ nìkan láàárọ̀ lálẹ́.

Ẹ ní sùúrù fún un. Lọ́dún 1990, wọ́n dán jẹ́ẹ̀lì ìdá 5 rẹ̀ wò fún ènìyàn 124 ní Ọsirélíà, wọ́n sì fi benzoyl peroxide ìdá 5, oògùn irorẹ́ tí wọ́n ń pa, wé e. Méjèèjì ló ṣiṣẹ́. Tea tree ló lọ́ra, àmọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ mú awọ gbẹ.

Aṣaralóge Òkè-Ìlèwó
Ẹ̀gbọ́n Apòògùn ti sọ ọ́ re. Ìgò náà ńkọ́? Orúkọ Melaleuca alternifolia, tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pe igi náà, gbọ́dọ̀ wà lára rẹ̀. Ẹ kán ẹ̀kán kan sórí bébà funfun di ọjọ́ kejì. Ojúlówó á gbẹ tán. Bí àbàwọ́n tó ń dán bí ti bébà àkàrà bá ṣẹ́kù, wọ́n ti po òróró ìdáná mọ́ ọn. Ẹ gbóòórùn rẹ̀ pẹ̀lú. Bó bá ti ń ta bíi tapentáìnì àwọn akunlé, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Oòrùn, ooru àti afẹ́fẹ́ ló ń bà á jẹ́, èyí tó bàjẹ́ yìí ló sì máa ń mú kí ara sú, kó máa yún.

Adáwọ̀-tọ́jú
Ti ẹsẹ̀: ìdá 10 máa ń rọ yíyún, ṣùgbọ́n kòkòrò tó ń fà á kì í fẹ́ kúrò. Ìdá 25 àti 50 ni wọ́n dán wò lọ́dún 2002, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ó sì ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀. Ìdá 25 tó: 1 ml tea tree sínú 3 ml òróró jojoba. Ẹ kọ́kọ́ fi aṣọ gbígbẹ nu àárín ìka kọ̀ọ̀kan. Bí awọ ibẹ̀ bá ti là, tó ń ṣẹ̀jẹ̀, ẹ má fi kàn án.

Ti lápálápá ọrùn, ìpara clotrimazole ìdá 1, tó ń pa kòkòrò lápálápá, ló dájú ju tea tree lọ. Etí lápálápá náà tó ga díẹ̀, tó ń ṣí ìpẹ́, ibẹ̀ ni kòkòrò wà, àárín ti ń jiná. Nítorí náà ẹ pa ìpara náà kọjá etí náà ní 2 cm, kí ẹ sì máa bá a lọ fún ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tó bá ti pòórá. Ẹ ṣọ́ra fún ìpara tí wọ́n po steroid (oògùn tó ń rọ yíyún àti pípọ́n ara) mọ́: yíyún á dáwọ́ dúró, lápálápá á sì máa ràn lábẹ́lẹ̀. Lápálápá tó bá wà nínú irun orí ọmọ, oògùn mímu láti ọwọ́ dókítà ni, torí ìpara kì í dé ìdí irun.

Ọmọ Ìbarà
Ẹ ṣeun gan-an. Ike funfun ni ìgò náà, orí tábìlì nínú oòrùn ni wọ́n pàtẹ ẹ̀ sí. Ó sì ń ta bíi tapentáìnì lóòótọ́.

Aṣaralóge Òkè-Ìlèwó
Ẹ má fi kan ara ẹnikẹ́ni, tàbí ológbò ilé pàápàá. Ìgò gíláàsì aláwọ̀ ilẹ̀ ni kí ẹ wá, èyí tó kéré jù, kí ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ ṣí i sára rẹ̀, kí ẹ sì dé e pinpin lẹ́yìn gbogbo ìgbà tí ẹ bá lò ó.