Jíjẹ kọ́, fífà ni: lórí orúkọ àìsàn tó ń pa róbọ́ọ̀tì lórí ìrìn

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ kú làákàyè.

Àbúrò wa obìnrin tó ń kọ́ni ní físíìsì ló dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Ó ní kí ni ká máa pè é bí àwọn mọ́tò tó ń yí táyà róbọ́ọ̀tì ìdíje bá ń gba iná lọ́wọ́ bátìrì ju bó ṣe yẹ lọ (mọ́tò inú ẹ̀rọ ni mo ń wí o, kì í ṣe ọkọ̀). Bàbá wa tó kọ̀wé láti Ìbàdàn ní "àjẹjù agbára". Ẹlòmíràn ní "ìmunájù", torí a máa ń sọ pé ọkọ̀ ń mu epo. Ẹnì kẹta ní ká yéé da ara wa láàmú, ká kọ "kọ́rẹ́ǹtì tó pọ̀jù", kó tán síbẹ̀.

Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Ọ̀rọ̀ tiyín dùn létí, èmi gan-an sì ti lò ó rí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí mo lò ó ni mo fẹ́ sọ.

Àwọn ọmọ girama kan wà ní Òkè-Fìà, ní Òṣogbo níbí, tí wọ́n ń to róbọ́ọ̀tì. Èmi ni mo máa ń bá wọn kọ ìwé iṣẹ́ wọn ní Yorùbá lọ́jọ́ Sátidé. Nínú irú ìdíje tí wọ́n ń múra sílẹ̀ fún, bátìrì fólítì 12 kan ṣoṣo ni òfin gbà, fíùsì ámpíà 20 ló sì wà lára rẹ̀ (fólítì la fi ń wọn bí bátìrì ṣe ń ti iná tó, ámpíà la fi ń wọn bí iná tó ń ṣàn ṣe pọ̀ tó). Bí róbọ́ọ̀tì wọn bá ń lọ tààrà, kò sí ìyọnu. Ẹ ní kó yí sápá ọ̀tún báyìí, á gbọ̀n rìrì, iná orí rẹ̀ á ṣẹ́jú, á kú pátápátá, tó bá ṣe díẹ̀ á tún jí. Mo kọ ọ́ sínú ìwé pé: "Róbọ́ọ̀tì ń jẹ agbára jù."

Àwọn ọmọ náà ka ohun tí mo kọ, wọ́n sì ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni máa ṣe fún ẹni tó ń jẹun tí kò yó: wọ́n wá oúnjẹ kún oúnjẹ. Wọ́n ṣáàjì bátìrì títí ó fi kún, wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ sí òmíràn, wọ́n tún ra wáyà tó nípọn sí i. Sátidé méjì lọ sórí bátìrì. Bátìrì ò ṣẹ̀ wọ́n rárá.

Ní Sátidé kẹta, ọ̀gá rìwáyà kan tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe ní Ìgbọ̀nà yà kí wa. Ó wo róbọ́ọ̀tì náà bó ṣe ń kú tó ń jí, ó wá béèrè pé, "Kí ló ń fa iná lára ẹ̀?" Kò béèrè pé kí ló ń jẹ ẹ́. Ó ní kí wọ́n gbé e sórí búlọ́ọ̀kù méjì kí táyà má kan ilẹ̀, kí wọ́n tú ṣéènì kúrò, kí wọ́n fọwọ́ yí táyà kọ̀ọ̀kan. Mẹ́ta yí wọ̀ọ̀. Ti ẹ̀yìn lápá òsì yí ìdajì, ó dúró gbagidi. Ọmọbìnrin tó yí i gbé etí sún mọ́ ọn: ó ń họ kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀. Wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Òrùka irin tí kì í jẹ́ kí ọ̀pá táyà yọ ti fún mọ́ bíárìnì (ibi tí ọ̀pá náà ti ń yí) pinpin, eruku irin tó kúnná bí àtíkè sì ti yí ẹnu bíárìnì ká. Wọ́n tú òrùka náà, wọ́n fi àlàfo tó tó páálí ẹ̀yìn ìwé kan sáàárín òun àti bíárìnì, wọ́n dè é padà. Táyà yí.

Kò tán síbẹ̀ o. Táyà rọ́bà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló di ilẹ̀ mú, bí róbọ́ọ̀tì bá sì ń yí, ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n ń wọ́ lọ. Àwọn ọmọ náà yọ méjì iwájú, wọ́n fi èyí tí a to róólà kéékèèké yí etí rẹ̀ ká rọ́pò wọn, kó lè máa yọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Láti ọjọ́ náà, ó ń yí, kò sì kú mọ́. Bátìrì àtijọ́ náà la ṣì ń lò.

Ìdí tí "jẹ" àti "mu" ò fi bá a mu nìyí. Ohun tí a bá jẹ, ó tán. Ohun tí a bá mu, ó wọ ara lọ. Aṣọ tó bá ti mu aró, àwa ará Òṣogbo mọ̀ pé aró yẹn ò ní padà sínú ìkòkò mọ́. Iná tó ń gba inú wáyà kọjá ò rí bẹ́ẹ̀. Iye tó jáde ní ẹnu kan bátìrì náà ló ń padà wọ ẹnu kejì; ẹ fi mítà kan síwájú mọ́tò, ẹ fi òmíràn sẹ́yìn rẹ̀, iye ámpíà kan náà ni méjèèjì máa pè. Ohun tí mọ́tò ń jẹ tán ni agbára tí a kó pamọ́ sínú bátìrì. Nítorí náà, "àjẹjù agbára" ní iṣẹ́ tirẹ̀: bátìrì tó yẹ kó pé wákàtí kan bá tán ní ogún ìṣẹ́jú, ẹ pè é bẹ́ẹ̀, mo fara mọ́ ọn. Tiwa kì í ṣe bátìrì tó tán. Bátìrì kún, à ń fà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ju ohun tó lè gbé lọ ni.

"Gbé" tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ yẹn, mo fẹ́ ká dúró lórí rẹ̀. Ẹ tẹ́tí sí bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ nílé. Ẹnì kan á ní, "Áyọ́ọ̀nù yìí ń fa iná." Ẹni tó ni jẹ́nẹ́rétọ̀ kékeré á ní, "Kò lè gbé fíríìjì." Ẹ̀rọ tó ń lo iná ló ń fà, ibi tí iná ti ń wá ló ń gbé. Kò sí ìgbìmọ̀ kankan tó dá ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí, síbẹ̀ wọ́n ti pín iṣẹ́ láàárín ara wọn. Bí àwọn ọmọ ṣe ń sọ ọ́ báyìí nìyí: mọ́tò fà á jù, bátìrì ò gbé e, fólítì wálẹ̀, ọpọlọ róbọ́ọ̀tì kú. Ìṣirò rẹ̀ ò sì le. Ká ní ìdènà tó wà nínú bátìrì, wáyà àti ojú ìsopọ̀ jẹ́ óòmù 0.1 lápapọ̀. Bí mọ́tò bá fa ámpíà 20, fólítì 2 ti há sọ́nà kí iná tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Bí wọ́n bá fa 40, fólítì 4 ti lọ, 12 ti di 8. Fíùsì 20 sì lè fara da 40 fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá kó tó jó, ìdí nìyẹn tí róbọ́ọ̀tì fi lè kú kó sì jí láìjẹ́ pé fíùsì já.

Ohun kan tún wà tí "fà" ṣàlàyé, tí "jẹ" ò lè ṣàlàyé láéláé. Mọ́tò tí kò yí rárá, tí iná ṣì ń wọlé sí i, ló ń fà jù lọ. Bó bá ń yí, òun fúnra rẹ̀ ń bí fólítì tó ń ti ti bátìrì padà. Bó bá ṣe ń yára sí i ni ìtìpadà náà ń pọ̀ sí i, ámpíà á sì máa dín. Ẹ dì í mú kó dúró, ìtìpadà á pòórá. Mọ́tò kan wà tí wọ́n ń pè ní CIM, tí àwọn ẹgbẹ́ róbọ́ọ̀tì ní Amẹ́ríkà ti lò fún ọ̀pọ̀ ọdún: bí kò bá sí ẹrù lórí rẹ̀, bí ámpíà 2.7 ló ń fà. Bí a bá dì í mú pinpin, ó ń fa nǹkan bíi 131. Ẹni tó ń jẹun, bí a bá dì í mú, kò ní lè jẹun mọ́. Ẹni tó ń fa ẹrù ni, bí ẹrù ò bá kúrò lójú kan, tí iṣan ọrùn rẹ̀ ń le.

Ní ti "kọ́rẹ́ǹtì tó pọ̀jù", ọ̀rọ̀ àyálò ò bí mi nínú, mo ti kọ "fólítì" àti "ámpíà" níbí láìbojúwẹ̀yìn. Àmọ́ ládùúgbò wa, bí gílóòbù bá ń ràn bíi fìtílà, a máa ń ní NEPA mú háàfù kọ́rẹ́ǹtì wá. Fólítì tó lọ sílẹ̀ ni ìyẹn. Ẹ wá sọ fún ọmọ Alékúwodò pé kọ́rẹ́ǹtì pọ̀jù, iná tó jó tẹlifíṣọ̀n ló máa wá sí i lọ́kàn. Ìtumọ̀ tí ìgboro ti fún ọ̀rọ̀ yẹn yàtọ̀ pátápátá sí ti inú ìwé físíìsì, níbi tó ti jẹ́ iná tó ń ṣàn, tí à ń fi ámpíà wọ̀n.

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé síwájú yín ni "ìfanájù". Fa iná, ó di faná, ìfanájù. Mo yẹra fún "àfàjù" tìmọ̀tìmọ̀. Àṣejù, àjẹjù, àsọjù: gbogbo wọn ń bá ẹni tó ṣe é wí. Mọ́tò yẹn ò ṣe wọ̀bìà, ẹrù ni wọ́n dì lé e. Bí orúkọ àìsàn bá ti ń dá mọ́tò lẹ́bi, mọ́tò ni ọmọ máa kọ́kọ́ yọ dànù, bẹ́ẹ̀ bíárìnì ló há. Ẹnì kan lè ní "fà" ti wà nínú òòfà, àti pé òòfà ńbẹ nínú mọ́tò, kó má di rúdurùdu. Iná tó wà láàárín ọ̀rọ̀ náà ò ní jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀.

Mo fẹ́ràn asọ̀rọ̀mágbèsì, orúkọ gígùn tí a fún rédíò, gan-an, ẹwà ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tiwa yìí, ọmọ tó dọ̀bálẹ̀ sábẹ́ tábìlì, tó mú sípánà dání, ló máa ké e jáde sí ẹnìkejì rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó kúrú ló nílò. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970, Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni mo ní lọ́kàn bí mo ṣe ń kọ èyí.

Mo ti fa ìlà sórí "ń jẹ agbára jù" nínú ìwé iṣẹ́ àwọn ọmọ Òkè-Fìà, mo sì ti kọ "ìfanájù" sókè rẹ̀. Èyí tó kù tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí ni ti táyà tó ń wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ nígbà tí róbọ́ọ̀tì bá ń yí. Èmi kọ "ìwọ́lẹ̀" sílẹ̀ fún un. Àwọn ọmọ ò gbà, wọ́n ní "táyà ń họlẹ̀" ni àwọn ń sọ, torí wọ́n ń rí ojú ibi tó ti họ lórí símẹ́ńtì. Bàbá, kí lẹ rí sí i?